Àwo Tí Ọ̀ṣunjìmí Kò Gbọ́ Rí

Ahun ni Ọ̀ṣunjìmí ará Aké. Kì í ṣe ahun oúnjẹ o. Bí ẹ bá bá a nídìí ẹ̀bà, ẹ ó bá a jẹ ẹ́ yó. Ohun tí etí ń gbọ́ ló máa ń fi du èèyàn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ewékorò, rédíò àtijọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ. Ó ní asọ̀rọ̀mágbèsì onípákó, ó ní èyí tó tóbi tó àpótí aṣọ, ó sì ní giramafóònù tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Àwo ẹ̀fẹ̀ ló wá fẹ́ràn jù, irú èyí tí ọkùnrin kan ti ń fi orin bá ìyàwó rẹ̀ jà. Ó kó gbogbo wọn sí yàrá kan, ó fi aṣọ bò wọ́n, ó ti ilẹ̀kùn. Òun gan-an kì í gbọ́ wọn.

"Abẹ́rẹ́ máa ń jẹ àwo," ló máa ń wí.

Lọ́jọ́ kan, Àràmídé aláró, tí gbogbo Ìtòkú ń pè ní Ìyá Fisáyọ̀, gbé àwo kan wá bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìsinmi o. Àwo tí bàbá mi ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré rèé. Giramafóònù wa ti bàjẹ́ tipẹ́, mo sì ti ń gbàgbé bí ohùn wọn ṣe rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sí ẹ̀rọ."

Inú Ọ̀ṣunjìmí dùn, ó tètè gba àwo náà. "Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ ná, Ìyá Fisáyọ̀."

Nígbà tí obìnrin náà padà wá, ojú Ọ̀ṣunjìmí le koko. "Àwo wo? Ẹ tún inú àpótí yín wò dáadáa, ìyá."

Bẹ́ẹ̀, ó ti da omi sí bébà àárín àwo náà, ó sì ti ha orúkọ ibẹ̀ dànù. Àràmídé fi ọwọ́ tó dúdú fún aró nu ojú rẹ̀, ó lọ.

Kò pẹ́ ni àdúgbò fẹ́ ṣí yàrá ohun àtijọ́ kan, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ipò yìí wu Ọ̀ṣunjìmí gan-an. Ó dá agbádá tuntun, ó kó ẹrù rẹ̀ síwájú èrò lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan ẹni náà, gbogbo rẹ̀ ń dán yinrin.

Jedidiah, alága ètò náà, mi orí. "Bàbá Ọ̀ṣunjìmí, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ ojú nìkan ló ń jẹun látàárọ̀. Ẹ fún etí náà ní tiẹ̀."

"Abẹ́rẹ́ máa ń..."

"Ẹ gbé ọ̀kan sí i jàre!" ni èrò pariwo.

Ọkàn rẹ̀ kò gbà kí abẹ́rẹ́ kan àwọn àwo iyebíye rẹ̀. Ó wá mú èyí tí kò lórúkọ, tó jẹ́ pé bó bá họ, kò ní dùn ún. "Ogún bàbá mi nìyí," ó wí, ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ.

Ewúrẹ́ ké. Adìyẹ ké, bí èyí tó ń yé ẹyin tí kò fẹ́ jáde. Ológbò méjì ń bú ara wọn. Àwọn èèyàn di ikùn mú. Ọ̀ṣunjìmí pàápàá rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi jábọ́. Ìgbà náà ni ọkùnrin inú àwo sọ̀rọ̀:

"Èmi Fáṣuyì, aláró Ìtòkú, ni mo ń ké bí ẹran o! Àràmídé ọmọ mi, ṣé o ti dákẹ́ ẹkún báyìí?"

Ọmọdébìnrin kan sì rẹ́rìn-ín kèékèé nínú àwo náà.

Ẹ̀rín mìíràn dáhùn láti ẹ̀yìn èrò. Àràmídé ni. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín ń jáde lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá mi nìyẹn! Ẹ tún un gbé sí i!"

"Bàbá Ọ̀ṣunjìmí," ni ẹnì kan kígbe, "ìgbà wo lẹ̀yin àti Ìyá Fisáyọ̀ di ọmọ bàbá kan náà?"

Ọ̀ṣunjìmí wò ó bóyá ilẹ̀ á lanu. Ilẹ̀ ò lanu. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Àràmídé, tòun ti agbádá.

Àràmídé gba àwo rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fún ní kọ́kọ́rọ́. Jedidiah ní kí Ọ̀ṣunjìmí máa gbé giramafóònù síta ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kó máa fọwọ́ yí i fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ àwo, títí apá yóò fi máa ro ó. Bó bá sì kọjá ní Ìtòkú, "Mẹ̀ẹ́ẹ̀!" làwọn aláró fi ń kí i. Ó kọ́kọ́ ń bínú. Ní báyìí, òun náà ti ń dá wọn lóhùn: "Mẹ̀ẹ́ẹ̀, ẹ kú ọjà o!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má jẹ́ kí ìfẹ́ ohun rere sọ yín di olè. Bí ẹnì kan bá fi ohun òbí rẹ̀ sí yín lọ́wọ́, ẹ dá a padà bó ṣe wà, pẹ̀lú orúkọ tó wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá sì ní àwo nílé, ẹ ká aṣọ orí rẹ̀ kúrò, ẹ pe aládùúgbò, kí ẹ jọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀ṣunjìmí sọ fún mi pé àwo ti ń họ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kò tíì gbádùn wọn tó báyìí rí.