Kọ̀ǹpútà Inú Yàrá Àlíyù

Ní ọjọ́ kẹjọ tí Àlíyù kú, ẹbí péjọ sí pálọ̀ rẹ̀ ní Mákùn. Ìwé kan ló kó wọn jọ. Ìbuwọ́lù Àlíyù wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì sọ pé ilé náà di ti Kareemat, ìyàwó rẹ̀. Tawfiq, àbúrò Àlíyù, ní irọ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé èmi ni òun máa fún ní ilé yìí."

"Ìyẹn lo fi kó màtíràsì rẹ wọlé kí omi tí wọ́n fi wẹ òkú tó gbẹ?" Kareemat dá a lóhùn.

Bàbá Lìádì, olórí ẹbí, ní kí àwọn méjèèjì panu mọ́.

Kareemat kò bímọ. Ilé bàbá rẹ̀ ní Ìpẹru ti wó. Bí èyí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò níbi tí yóò forí lé.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni Àlíyù ń ṣe, nínú yàrá rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń pe ọ̀rọ̀ inú ìwé, Kareemat ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ fún oníbàárà mẹ́wàá. Wọn á kàn pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kó fi orúkọ tuntun rọ́pò ti àtijọ́ níbi gbogbo. Ọjọ́ tí ọwọ́ náà bá yá díẹ̀, Àlíyù á buwọ́ lu bébà òfìfo bíi márùn-ún, á kó wọn pamọ́ de lẹ́tà ọjọ́ mìíràn. Ohun kan ló máa ń bí i nínú.

"Kọ̀ǹpútà yìí kò lọ́pọlọ. Bí mo bá ti pa á báyìí, gbogbo àṣẹ tí mo fún un ló ti gbàgbé."

Òwúrọ̀ Jímọ̀ ló kú. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, gbogbo ọkùnrin ti gbé e lọ sí ìtẹ́ òkú. Tawfiq ló wọ inú kòtò gba òkú náà. Obìnrin kì í lọ; ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n jókòó sí. Kareemat ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dá wà nínú yàrá ọkọ òun. Wọ́n fi í sílẹ̀.

"Ẹ tan kọ̀ǹpútà tí ọkọ mi fi ṣe ìwé náà," Kareemat wí fún Bàbá Lìádì nínú pálọ̀. "Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù kankan ò bà mí."

Wọ́n pe Hàmdálátù, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sábó. Ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ṣáájú wọn wọ yàrá Àlíyù, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ.

"Kí lẹ fẹ́ kó sọ, Bàbá?"

"Bí wọ́n ṣe ṣe ìwé ilé yìí."

"Kò lè rántí," Kareemat wí. "Gbogbo ìgbà ni ọkọ mi ń ráhùn lé e lórí."

"Tẹ́lẹ̀ nìyẹn, mà. Ọjọ́rú tó ṣáájú ikú ọkọ yín, wọ́n ní kí n bá àwọn tún un ṣe. Ẹ wà lọ́jà. Bí ẹ pa á, bí ẹ tàn án, gbogbo àṣẹ ló ń tọ́jú báyìí, tọjọ́ taago."

Kareemat wá àga kan, ó jókòó.

Hàmdálátù tẹ bọ́tìnì kan, àṣẹ tó gbẹ̀yìn lórí ìwé ilé náà yọ, ó sì kà á sétí gbogbo wọn: "Níbi gbogbo tí Tawfiq bá wà, fi Kareemat rọ́pò rẹ̀, Jímọ̀ tó kọjá, aago méjì ọ̀sán kọjá ogún ìṣẹ́jú."