Oníbàárà Ìyá Mùíz

Aránṣọ kan sáré sá sẹ́yìn àwọn àpò ìrẹsì, ó fi ìborùn bojú. Ìyá Mùíz ló rí lẹ́nu ọ̀nà supamákẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú yìí ní Onípànù. Ṣọ́ọ̀bù ìyá náà ní Pedro ni aránṣọ náà ti ń ra oúnjẹ láti ọjọ́ tó ti dé Èkó. Ìyá yìí kan náà ló gbé ọmọ aránṣọ náà sáré lọ sí ọsibítù nígbà tí gìrì gbé e. Ṣùgbọ́n nǹkan wọ́n, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí kò yà sí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́.

"Màdáámù, kí lẹ ń fi pamọ́?" Ẹ̀ṣọ́ ti dúró tì í.

"Kò sí o, ọ̀gá."

"Ẹ ṣí báàgì yín."

Àwọn èèyàn ti ń wò wọ́n.

"Fi í sílẹ̀." Ohùn Ìyá Mùíz ni. "Kì í jalè."

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni, màmá?"

"Oníbàárà mi ni."

Ẹ̀ṣọ́ náà kúrò. Aránṣọ náà gbójú sókè láti dúpẹ́. Ìgbà yẹn ló tó rí yúnífọ́ọ̀mù supamákẹ́ẹ̀tì náà lọ́rùn Ìyá Mùíz, àti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá náà kò wò ó lójú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbálẹ̀ lọ.