Ìka Tó Ká Bí Ẹ̀ṣẹ́

Àwọn òròmọdìyẹ Ògúnlànà kò lè dìde mọ́. Ìka ẹsẹ̀ wọn ti ká wọnú bí ẹ̀ṣẹ́, orúnkún ni wọ́n fi ń wọ́ dé ibi omi. Ògúnlànà a kúnlẹ̀ ti àpótí wọn lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ìbà, a máa wò wọ́n, ẹ̀rù a sì máa bà á.

Ẹ má rò pé ojo ni o. Ní gáréèjì Ìyànà Ìbà, bí wọ́n bá ní "Ògúnlànà ń bọ̀," ẹni tó ń pariwo á panu mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ó ti fọ́ ìgò mọ́ èèyàn lórí rí, ó ti na awakọ̀ kan títí ojú onítọ̀hún fi wú dí. Nígbà tó wá gbé ọwọ́ náà délé, tó fẹ́ fi lu ìyàwó rẹ̀, Wàhábì àbúrò ìyàwó ní kí òun là wọ́n. Ẹ̀ṣẹ́ kan péré, eyín Wàhábì méjì bọ́ sílẹ̀. Wàhábì tu ẹ̀jẹ̀ dànù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní í gbàgbé yín."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìbíyẹmí ìyàwó rẹ̀ di ẹrù.

"Bàbá Bùsáyọ̀," ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó tó lọ, "ọjọ́ tí ọwọ́ yín yìí bá lè tọ́ nǹkan ẹlẹ́mìí kan tí kò ṣe é léṣe, màá padà wá."

Ìdí tó fi ra òròmọdìyẹ nìyẹn. Kì í ṣe torí ẹyin, kì í ṣe torí ẹran.

Wàhábì ń ṣe bàtà ní Ọ̀kọ́kọ́máíkò. Nígbà tó gbọ́ nípa ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ náà, ó yà wá. Ó gbé ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò wọn àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ló bá bú sẹ́rìn-ín, àlàfo eyín rẹ̀ sì hàn gbangba.

"Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

"Kò sí o, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n mà kéré o! Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi."

Ògúnlànà gba ẹyẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tì í jáde. Ọwọ́ ń yún un láti gbá a létí, ṣùgbọ́n ó rántí Ìbíyẹmí, ó kó ara rẹ̀ ní ìjánu.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí Ìyànà Ìbà lọ́dọ̀ Àwẹ̀ró tó ń ta oògùn ẹran ọ̀sìn.

"Fítámì B ni kò tó lára wọn," Àwẹ̀ró wí. "Ẹ po èyí mọ́ omi wọn. Àmọ́ o, ìka tó ti ká, oògùn nìkan kò lè nà á. Ọwọ́ tó rọ̀ ló ń nà án."

"Ọwọ́ tèmi ti rọ̀," Ògúnlànà dáhùn, inú rẹ̀ sì dùn bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀.

Kò tíì kúrò níbẹ̀ tí fóònù rẹ̀ fi dún. Wàhábì ló kọ̀wé sí i: "Egbon mo ya ile yin. Mo ti se ese won, gbogbo won pata. E lo wo o."

Ojú Ògúnlànà ṣókùnkùn. Ó ti ṣẹ́ ẹsẹ̀ wọn! Gbogbo wọn pátá! Ó tún ní kí òun lọ wò ó! Ẹ̀san eyín méjì ló fi èyí gbà. Ìbínú ò sì mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀: kò tilẹ̀ yà sílé, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di Ọ̀kọ́kọ́máíkò.

Wàhábì jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀, gọ́ọ̀mù wà ní ìka rẹ̀, àjákù páálí wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ti délé?"

"Ṣé òótọ́ lohun tó o kọ?"

"Òótọ́ ni o. Àwọn kan ń ké, mo kàn di wọ́n mú ṣinṣin ni."

"Ta ló rán ẹ?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ìyá Bùsáyọ̀ náà ni. Wọ́n ní kí n má tíì sọ, kó lè bá yín lójijì."

Irin wúwo tí wọ́n ń ki bàtà bọ̀ láti kàn án wà nílẹ̀. Òun ni Ògúnlànà gbé. Ó kọ́kọ́ fi lù ú léjìká, Wàhábì sì ṣubú sáàárín bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe?"

"O tún ń bi mí!" Ó sọ irin náà kalẹ̀ lé ojúgun rẹ̀, egungun sì dún. "Ẹsẹ̀ fún ẹsẹ̀! Ṣé ó dùn ẹ́? Bẹ́ẹ̀ náà ló dùn wọ́n!" Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀ lé ẹsẹ̀ kejì. Ó sọ ọ́ títí Wàhábì ò fi ké mọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ta sára àwọn bàtà tuntun tó tò kalẹ̀. Àwọn ará ìsọ̀ pariwo, wọ́n sáré yí wọn ká, àmọ́ ta ló máa sún mọ́ ọn? Wọ́n yà fún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó ń sunkún lọ sílé láti lọ sin àwọn ẹyẹ rẹ̀, torí ó gbà pé kò sí èyí tó máa yè é. Ìbíyẹmí ló dùn ún jù. Ẹni tó ní kó tọ́ nǹkan, òun náà ló rán èèyàn wá bà á jẹ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.

Ìbíyẹmí ló bá níbẹ̀, ẹrù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo òròmọdìyẹ náà sì nàró, wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ kiri inú àpótí lórí bàtà páálí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí ọmọdé tó wọ bàtà ọdún, Ìbíyẹmí kò sì tíì gbójú sókè rí ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ nígbà tó rẹ́rìn-ín, tó ní, "Bàbá Bùsáyọ̀, ẹ kú àbọ̀, ṣé ẹ rí ohun tí Wàhábì kọ sí yín, pé òun ti ṣe ẹsẹ̀ wọn?"