Orúkọ Jọláadé Lẹ́nu Ṣokoléètì

Fátúnsìn ya bébà ṣokoléètì tó dé láti òkè òkun, bébà náà sì la ẹnu sọ̀rọ̀, nítorí òfin ti là á kalẹ̀ pé kí gbogbo bébà ṣokoléètì máa dárúkọ oko tí kòkó inú rẹ̀ ti wá: "Oko Jọláadé ní Ìdànrè ni kòkó yìí ti wá. Gbogbo ayé ń yìn ín fún adùn èéfín rẹ̀."

Jọláadé, tí oko rẹ̀ bá ti Fátúnsìn pààlà, bú sẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn ọgbà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún gbọ́ orúkọ mi! Àmọ́ inú oòrùn ni mo ń sá kòkó mi. Níbo ni èéfín ti wọ̀ ọ́?"

Ìlara gbóná láyà Fátúnsìn. Òun ló yọ́ da kòkó tirẹ̀, tó fi iná yan nígbà òjò, sínú àpò Jọláadé, kí orúkọ ọ̀hún lè bàjẹ́.

"Ilẹ̀ rẹ ló dára, àbúrò," ó ní, ó sì gbé ṣokoléètì náà mì bí ẹni ń jẹ ewúro.