Òwìwí Tó Wà Lẹ́yìn Òṣèré

"Dá a dúró! Dá a dúró níbẹ̀!"

Ìyàwó rẹ̀ tẹ rìmóòtù. Òṣèrébìnrin inú tẹlifíṣọ̀n la ẹnu sílẹ̀ láàárín ẹkún, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń kó àwòrán àtijọ́ jọ yìí kò tilẹ̀ rí i. Ògiri tó wà lẹ́yìn òṣèrébìnrin náà ló ń wò. Àwòrán òwìwí kan ló kọ́ síbẹ̀, irú èyí tí àwọn ará àtijọ́ fín sára bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

"Òun nìkan ló kù kí àwòrán àwọn ẹyẹ mi pé! Gbogbo ayé ni mo ti wá a dé."

"Bàbá Ìbejì, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ń sunkún ọkọ, ẹ̀yin ń wo ògiri."

Ìyá ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n wà nílé rẹ̀, ti awò ojú sókè. "Ṣé òwìwí yẹn? Ṣebí òkè bẹ́ẹ̀dì mi níbí ló wà tẹ́lẹ̀."

Ọkùnrin náà yíjú sí i. "Màmá, ta ló wá gbé e?"

"Èmi ni mo fi ta àwọn tó ṣe fíìmù yìí lọ́rẹ. Ẹ̀yin náà lẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi nígbà yẹn, ẹ ò wọlé wò ó, tẹ́ ẹ ní ká kó pàǹtí kúrò lára ògiri mi kí àwòrán tiyín lè ráyè."

Ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ nawọ́ sí rìmóòtù.

"Ọkọ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí fíìmù náà máa lọ," ni ìyá wí. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ obìnrin yìí á padà wá."