Ewé Inú Àgbo

Obìnrin oníṣọ̀nà kan, tó máa ń di ewé mọ́ inú aṣọ, tí á sì sè é kí àwòrán ewé lè hàn lára rẹ̀, tú okùn ara ìdì aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ó sì rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Àwòrán ewé tíìkì hàn ketekete. Ṣùgbọ́n ní igun tí ewé kò ti kárí, níbi tó fi ewé gbígbẹ inú àgbo rẹ̀ dí, ohun mìíràn yọjú: ewé tóóró, tí ṣóńṣó rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Èyí kì í ṣe ewé gúáfà tí wọ́n ní kó máa mu. Ewé ẹ̀yìnkùlé tó pa ewúrẹ́ wọn ni. Abájọ tí àìsàn rẹ̀ fi ń le sí i bó ṣe ń mu ún.

Àbúrò rẹ̀ gbé ife wọlé. "Ẹ̀gbọ́n mi, àgbo ti dé. Ẹ má tún fajúro bí ọmọdé o!"

"Ìwọ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Ó ń retí kí àbúrò kọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, àbúrò dà á sọ́nà ọ̀fun kí ẹ̀gbọ́n tó lè gbá ife dànù.

"Ó mà korò o!"

"Ta ló ń sá ewé yìí fún ẹ?"

"Ọkọ yín mà ni."

Ohùn ọkùnrin dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Ṣé ó ti mu ún tán?"