Ọkọ̀ Ẹyọ Kan

Ẹyọ kan ni Ràímì rà bọ̀ láti Òmù-Àrán, ọkọ̀ ojú omi ìṣeré tó ń lo bátìrì.

Ìyá rẹ̀ fajú ro. "A kì í ra ẹyọ kan fún ìbejì."

Ràímì ní ẹyọ kan ti tó.

Ní etí odò, ó gbé rìmóòtù lé Táyé lọ́wọ́.

"Rọra tẹ̀ ẹ́. Yí i sọ́tùn-ún."

Ọkọ̀ náà yà sọ́tùn-ún. Ó tún ṣẹ́rí, ó kọjú sí àárín omi.

"Táyé, dá a padà."

Rìmóòtù wà nílẹ̀. Ọmọ náà ti ń bọ́ bàtà.

"Bàbá, Kẹ́hìndé ló ń wà á. Ó ní ẹyọ kan lẹ rà, kí n máa bọ̀ ká jọ fi ṣeré."

Ràímì gbá a lọ́wọ́ mú.

Láti Iléyá èṣí ni wọ́n ti sin Kẹ́hìndé.